Raw àwọn méjèèjì dọ́gba, àmọ́ àìsàn wọn kò jọra: kí ni kí n wò láti mọ ikọ́ fée yàtọ̀ sí emphysema?

Olùwọ̀n béèrè:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè mi dá lórí plethysmograph, ìyẹn àpótí onígíláàsì tí aláìsàn ń jókòó sínú rẹ̀ kí a lè wọn bí ọ̀nà èémí ṣe ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́ tó, ìdíwọ́ tí a ń pè ní Raw.

Èsì méjì ló wà níwájú mi. A jẹ́ ẹni ọdún 34, kò mu sìgá rí, FEV1/FVC rẹ̀ (atẹ́gùn tó fẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, FEV1, pín sí gbogbo èyí tó fẹ́ jáde, FVC) jẹ́ 0.61. B jẹ́ ẹni ọdún 63, ó ti ń mu sìgá láti ìgbà èwe, FEV1/FVC tirẹ̀ jẹ́ 0.52. Spirometry, ìyẹn àyẹ̀wò fífẹ́ èémí jáde kíákíá, ti fi hàn pé ọ̀nà èémí àwọn méjèèjì dí, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wọ inú àpótí, Raw A jẹ́ 0.51 kPa·s/L, ti B sì jẹ́ 0.50. Méjèèjì ga ju 0.3 tí a ń lò bí òkè ààlà fún àgbàlagbà. Ìwọ̀n atẹ́gùn tó wà nínú àyà nígbà tí a ń wọ̀n ọ́n, TGV, jẹ́ 3.0 L fún A àti 5.6 L fún B.

Dókítà tó fi wọ́n ránṣẹ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ikọ́ fée ni tàbí COPD, ìyẹn àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń dí ọ̀nà èémí, tí emphysema jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀. Tí Raw bá dọ́gba báyìí, kí ni àyẹ̀wò yìí lè sọ fún un tí spirometry kò tíì sọ? Mo tún rí i pé ìlà tó ń yípo lójú kọ̀ǹpútà, tó ń fi ìṣàn atẹ́gùn wé ìyípadà inú àpótí, tí a ń pè ní lúùpù, yàtọ̀ síra: ti A tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dùbúlẹ̀, ti B ṣí gbagada lápá ibi tí ó ti ń mí síta. Ṣé àìsàn ló fa èyí ni, àbí ẹ̀rọ ló ń ṣe é? Àti pé ṣé oscillometry, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì afẹ́fẹ́ wọn ìdíwọ́ láti ẹnu, lè rọ́pò gbogbo wàhálà yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

---

DókítàÀyà dáhùn:

Raw nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tipá gba irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìwọ̀n tí ẹ̀dọ̀fóró wà nígbà tí a wọn ìdíwọ́ náà, ìrísí lúùpù, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oògùn tó ń ṣí ọ̀nà èémí. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ kọ TGV síbẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sọ Raw di ìlọ́po TGV, ẹ ó rí sRaw, ìyẹn ìdíwọ́ tí a ti ka ìwọ̀n ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Fún A: 0.51 × 3.0 = 1.53 kPa·s. Fún B: 0.50 × 5.6 = 2.80 kPa·s. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá ṣe ń fẹ̀ sí i ló ń fa ọ̀nà èémí ṣí sí i, torí pé okun tó rọ̀ mọ́ ara ọ̀nà náà láti ìta ń le. B ń mí lórí 5.6 L, ó ti fẹ̀ dé ibi tí ó lè fẹ̀ dé, síbẹ̀ ìdíwọ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ 0.50. Ká ní ó lè sọ̀ kalẹ̀ wá sí 3.0 L bíi ti A, nọ́ńbà yẹn ì bá ga fíofío. Raw bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. sRaw tú u síta. Tí ilé àyẹ̀wò yín bá ń kọ sGaw, òdì-kejì rẹ̀ ni, ìyẹn 1 ÷ sRaw: 0.65 fún A, 0.36 fún B.

Sáà rántí pé sRaw gan-an ni àpótí náà kọ́kọ́ ń wọ̀n. Ẹ wò ó báyìí: nígbà tí ìṣàn atẹ́gùn lọ láti −0.5 sí +0.5 L/s, ìyẹn ìyàtọ̀ 1 L/s, atẹ́gùn inú àpótí yí ní nǹkan bíi 16 mL fún A. Ìfúnpá afẹ́fẹ́ ìta jẹ́ 101.3 kPa, ẹ yọ 6.3 kPa ti oru omi inú ẹ̀dọ̀fóró kúrò, ó ku 95. 0.016 L × 95 ÷ 1 = 1.52 kPa·s. Fún B, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 mL. Ìyàtọ̀ 14 mL péré nínú àpótí tí ó lè gba tó 900 L ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí á fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìmúrasílẹ̀ ẹ̀rọ.

Ní ti lúùpù. Nínú ikọ́ fée, iṣan tó yí ẹ̀ka ọ̀nà èémí ká sún kì, ara ọ̀nà náà wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì dí i. Ó há nígbà tí ó ń mí sínú, ó há nígbà tí ó ń mí síta. Nítorí náà lúùpù máa ń dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àmọ́ apá méjèèjì rẹ̀ a sún mọ́ra. Èyí ni ti A. Nínú emphysema, ògiri àwọn àpò atẹ́gùn kéékèèké ti bàjẹ́, okun tó ń fa ọ̀nà èémí ṣí láti ìta kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí aláìsàn bá ń mí sínú, ọ̀nà náà ṣí, apá ìmísínú lúùpù lè dúró ṣánṣán bí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Bó bá wá mí síta, ọ̀nà náà wó pọ̀, atẹ́gùn há sẹ́yìn, àpótí ń kà ìfúnpá tó ń ga láìsí ìṣàn tó bá a mu. Apá yẹn ni yóò wú bí orí kùmọ̀. Èyí ni ti B.

Irú kẹta wà tí ẹ kò béèrè, àmọ́ ó yẹ kí ojú yín mọ̀ ọ́n: tí ọ̀nà ọ̀fun ńlá bá há sójú kan, bóyá nítorí àpá tàbí kókó, lúùpù a tẹ̀ bíi lẹ́tà S. Ní ìṣàn kékeré ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé kò sí nǹkan. Bí ìṣàn bá pọ̀, atẹ́gùn a máa rú gùdù níbi tó há, ìfúnpá tó nílò á sì máa fò sókè ju bí ìṣàn ṣe ń pọ̀ lọ. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà láàárín ±0.5 L/s nìkan lè ṣe èyí ní àṣìmọ̀.

Ẹ tún wo sRtot àti sReff tí ẹ̀rọ bá ń tẹ méjèèjì jáde. sRtot ń gba orí àti ìdí lúùpù níbi tí ó gùn dé, sReff ń fi ìtóbi gbogbo lúùpù ṣírò. Nínú ikọ́ fée wọ́n sún mọ́ra. Nínú emphysema, sRtot a máa ga ju sReff lọ dáadáa nítorí orí kùmọ̀ yẹn. Ọ̀nà yìí dára ju kí a máa fi ojú nìkan sọ pé lúùpù ṣí tàbí kò ṣí.

---

Atúnwọ̀n dáhùn:

Mo fara mọ́ ohun tí ọ̀gá wí. Àmọ́ kí Olùwọ̀n tó kọ emphysema sórí ìwé, ẹ jẹ́ ká rí i dájú pé lúùpù B kò purọ́. Lúùpù tó ṣí lè wá láti ara ẹ̀rọ pẹ̀lú, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ.

Kí aláìsàn tó dé: ẹ fi síríńjì 3 L yẹ ìwọ̀n ìṣàn wò lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, níwọ̀ntúnwọ̀nsì, àti kíákíá, kí àṣìṣe má ju 3% lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti ilẹ̀kùn àpótí tó ṣófo, kí pọ́ǹpù inú rẹ̀ máa ti 30 sí 50 mL wọlé jáde, kí ẹ wò bóyá ohun tí ẹ̀rọ kà bá a mu. Fílítà tí aláìsàn yóò lò, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi ṣe ìyẹ̀wò, torí pé ìdíwọ́ fílítà wà nínú ohun tí ẹ̀rọ ń yọ kúrò. Tí ẹ bá yí irú fílítà padà láìsọ fún kọ̀ǹpútà, gbogbo aláìsàn ọjọ́ náà ni yóò ní ìdíwọ́ tí kì í ṣe tiwọn. Fílítà tí itọ́ ti rin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wọn aláìsàn lórí òṣùwọ̀n, ẹ má bi í léèrè. Kọ̀ǹpútà ń yọ àyè tí ara rẹ̀ gbà kúrò nínú àyè àpótí. Kíkọ 58 kg dípò 85 yóò ṣi nǹkan bíi 25 L ṣírò, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3% nínú àpótí 850 L.

Nígbà tó bá jókòó: ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, ọrùn rẹ̀ kò tẹ̀ síwájú, kò sì nà sẹ́yìn. Ẹ gbé ohun àfẹnumú wá bá ẹnu rẹ̀, kì í ṣe kí òun na ọrùn lọ bá a. Eyín àtọwọ́dá tó bá dúró dáadáa, kó má yọ ọ́, kí ètè lè rí nǹkan fara tì. Kílíìpù sí imú. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan. Ara rẹ̀ ń mú atẹ́gùn inú àpótí gbóná. Títí ooru yẹn yóò fi dúró, ìlà ìfúnpá á máa rìn lọ, lúùpù tí ẹ bá sì gbà nígbà náà yóò máa yọ̀ lójú ìwé, kò ní pa dé síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Kó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ wò ó pẹ̀lú ojú yín, kí àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kì í ṣe ìka méjì lásán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń wú tó ń rọ̀ yóò gba apá kan nínú ìfúnpá, ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ há jù lọ ni yóò sì ṣì jù lọ.

Kó máa mí wọ́ọ́rọ́wọ́ títí òpin ìmísíta rẹ̀ yóò fi dúró sójú kan, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ gba lúùpù bíi márùn-ún tó jọra. Lẹ́yìn náà, láti wọn TGV, kí ìdérí ẹ̀rọ pa dé ní òpin ìmísíta, fún ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3, kí ó máa mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí ìdérí tó pa dé náà, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1 sí 2, ìyẹn 0.5 sí 1 Hz. Ẹ ṣe é títí ẹ ó fi rí mẹ́ta tí ìyàtọ̀ láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù kò kọjá 5% ìwọ̀n àárín wọn.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà rèé: wọ́n á jẹ́ kí aláìsàn mí hẹlẹhẹlẹ ní 2 Hz nígbà tí ìdérí pa dé. Nínú ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ dí gan-an, ìfúnpá ẹnu kò ní lè bá ti inú àpò atẹ́gùn mu kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Ìfúnpá ẹnu á kéré ju bó ṣe yẹ lọ, TGV á ga lórí irọ́. sRaw kò yí padà, àmọ́ Raw tí ẹ fi sRaw pín pẹ̀lú TGV yẹn yóò kéré lórí irọ́. Olùwọ̀n, ẹ padà lọ wo bí B ṣe yára mí sí ìdérí náà. 5.6 L lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ 5.0. Tí ó bá jẹ́ 5.0, Raw rẹ̀ ti di 0.56.

Ohun méjì mìíràn: ètè tó ń jò ń jẹ́ kí ìṣàn tí ẹ̀rọ rí kéré, sRaw á ga lórí irọ́. Ahọ́n tó bọ́ síwájú ihò ohun àfẹnumú náà ń gbé e ga, èyí sì ń jọ ìdíwọ́ gidi. Ẹ sọ fún un kó fi ahọ́n sí ìsàlẹ̀.

---

Olùwọ̀n fèsì:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ kú ìṣọ́ra. Mo ti wo ìlà B: ó mí sí ìdérí náà ní ìwọ̀n 0.8 Hz, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì wà ní dídìmú. Ẹ̀rọ wa kì í lo mímí hẹlẹhẹlẹ fún lúùpù ìdíwọ́, ìmí wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń lò, kọ̀ǹpútà ló ń tún ọ̀rọ̀ ooru àti omi inú èémí ṣe. Ṣé ìyẹn lè ṣí lúùpù?

---

Atúnwọ̀n fèsì:

Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò gan-an nìyẹn. Atẹ́gùn tó ń wọlé tutù, ó sì gbẹ. Èyí tó ń jáde wà ní 37°C, omi kún inú rẹ̀. Àyípadà yẹn nìkan ń yí ìwọ̀n atẹ́gùn padà ju bí ìdíwọ́ ọ̀nà èémí ṣe ń yí i lọ, ó sì máa ń ṣí lúùpù ẹni tí ara rẹ̀ dá. Mímí hẹlẹhẹlẹ ní 1.5 sí 2.5 Hz, díẹ̀díẹ̀, ń dín in kù torí pé atẹ́gùn kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ onímìí wọ́ọ́rọ́wọ́ ń fi ìṣírò pa lúùpù dé. Tí ìṣírò yẹn bá kéré, lúùpù gbogbo ènìyàn á ṣí, ẹ ó máa rí emphysema níbi tí kò sí. Tí ó bá pọ̀ jù, yóò pa lúùpù emphysema gidi dé, aláìsàn náà á sì dà bí oníkọ̀ọ́ fée.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ mú òṣìṣẹ́ kan tí ara rẹ̀ dá, tí kì í mu sìgá, kó jókòó sínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ tọ́jú àwọn èsì rẹ̀. Lúùpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kó sì pa dé níbi tí ìṣàn jẹ́ òdo. Tí tirẹ̀ náà bá ṣí, ẹ má gba lúùpù B gbọ́. Tí tirẹ̀ bá pa dé lọ́jọ́ kan náà, tí ti B sì ṣí lápá ìmísíta nìkan, àìsàn ni. Àṣìṣe ooru máa ń ṣí lúùpù lọ́nà kan náà jákèjádò. Kì í mọ apá ìmísíta yàtọ̀.

---

Ìgbì5Hz dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn apá oscillometry. Ọdún kan náà, 1956, ni Arthur DuBois àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà àpótí fún wíwọn ìdíwọ́ àti ọ̀nà ìgbì yìí jáde, nítorí náà ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọn kì í ṣe arọ́pò ara wọn. Àpótí ń wọn ọ̀nà èémí nìkan. Oscillometry ń fi ìgbì kéékèèké ti afẹ́fẹ́ láti ẹnu, ó sì ń gba ìdáhùn gbogbo ohun tó wà níwájú: ọ̀nà èémí, ẹran ẹ̀dọ̀fóró, àti ògiri àyà. Ẹ má fi R5, ìyẹn ìdíwọ́ tí ẹ̀rọ yìí kà ní ìgbì 5 Hz, wé Raw kí ẹ wá máa bínú pé wọn kò bára mu. Ẹ ṣọ́ra fún òǹkà pẹ̀lú: 1 kPa jẹ́ 10 hPa, ó sì jẹ́ 10.2 cmH₂O.

Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé aláìsàn kò ní ṣe iṣẹ́ agbára kankan. Ó mí wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ọmọdé tí kò tó ọdún 12 fún 16. Kílíìpù imú, ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó má gbé itọ́ mì. Ẹ ṣe é ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ìyàtọ̀ R ní ìgbì tó kéré jù má ju 10% lọ fún àgbà, 15% fún ọmọdé. Ètè tó ń jò níhìn-ín ń jẹ́ kí R kéré, òdì-kejì ohun tó ń ṣe nínú àpótí. Kí ó tó ṣe spirometry ni kí ẹ ṣe é, torí èémí ńlá tí spirometry ń béèrè lè fa ọ̀nà èémí ṣí tàbí kí ó mú un há sí i fún ìgbà díẹ̀.

Bí mo ṣe ń kà á rèé. R5 ń sọ ti gbogbo ọ̀nà èémí, R20 ń sọ ti àwọn ńlá. Tí R5 bá ga tí R20 kò ga, R5−R20 tóbi, ìṣòro wà nínú àwọn ẹ̀ka kéékèèké tàbí ẹ̀ka kan ń gba atẹ́gùn ju èkejì lọ. Tí méjèèjì bá jọ ga tí ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan, ẹ wo ọ̀fun àti ọ̀nà ọ̀fun ńlá kí ẹ tó wo ẹ̀dọ̀fóró. X5 ń sọ bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń rọ̀ mọ́ ìgbì náà. Bó bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ òdo sí i, bẹ́ẹ̀ ni apá kan ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń há mọ́ ẹ̀yìn ọ̀nà tó dí. AX kó X láti 5 Hz títí dé ibi tí ó ti di òdo jọ sí nọ́ńbà kan.

Àmọ́ fún ìbéèrè Olùwọ̀n, ohun kan ló ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀rọ yìí: kí ẹ ya X5 ìmísínú sọ́tọ̀ kúrò lára X5 ìmísíta. Bí ọ̀nà èémí bá wó pọ̀ nígbà ìmísíta, ìgbì kò lè kọjá síbi tó wó, X5 á já lulẹ̀ ní apá yẹn nìkan. Tí ìyàtọ̀ méjèèjì bá ju 2.8 cmH₂O·s/L lọ, ìṣàn ìmísíta aláìsàn náà ti dé òpin, kò lè yára sí i bó ti wù kó tiraka. Ohun kan náà tí orí kùmọ̀ lúùpù ń sọ nìyẹn, láti ẹnu ẹ̀rọ mìíràn. A, tó bá jẹ́ ikọ́ fée tí kò tíì burú, kò yẹ kó ní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá jókòó jẹ́jẹ́. Tí ẹ̀rọ yín bá ń tẹ ìwọ̀n àárín nìkan jáde, ẹ wá ibi tí ẹ ó ti yan ìmísínú àti ìmísíta nínú ètò rẹ̀.

---

DókítàÀyà fèsì:

Ìgbì5Hz ti sọ ọ́ tán ní ti X5. Ẹ jẹ́ kí n fi oògùn kún un, torí kò sí bí a ṣe lè parí ọ̀rọ̀ yìí láìdé ibẹ̀.

Kí wọ́n tó wá, kí salbutamol ti dúró fún wákàtí 4 sí 6, ipratropium fún 12, formoterol tàbí salmeterol fún 24, tiotropium àti irú rẹ̀ fún 36 sí 48. Kí aláìsàn má mu sìgá fún wákàtí kan, ó kéré tán. Tí kò bá lè dúró láìlo oògùn, ẹ má fi agbára mú un; ẹ kọ ohun tó lò àti àkókò tó lò ó.

Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fún un ní salbutamol 100 µg lẹ́ẹ̀mẹrin láti inú spacer (ike tí a ń so mọ́ ẹnu oògùn náà), ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó di èémí mú lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ tún wọ̀n ọ́n pẹ̀lú fílítà irú kan náà, nínú ìjókòó kan náà.

Nínú oscillometry, ohun tí a ń pè ní ìdáhùn gidi ni kí R5 dín ní 40%, kí X5 sún mọ́ òdo ní 50%, tàbí kí AX dín ní 80%. Nínú spirometry, ìlànà ERS àti ATS, ẹgbẹ́ oníṣègùn èémí ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà, ti 2022 sọ pé kí FEV1 tàbí FVC pọ̀ sí i ju 10% ìwọ̀n tí a retí lọ, kì í ṣe 10% ti ohun tó fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lo ààlà àtijọ́, 12% àti 200 mL, ẹ kọ ọ́ sórí èsì kí dókítà mọ èyí tí ẹ lò. Àpẹẹrẹ: tí a bá retí 3.60 L, tó fẹ́ 2.20 kí ó tó lo oògùn, 2.65 lẹ́yìn rẹ̀, 0.45 ÷ 3.60 = 12.5%. Ó dáhùn.

Lúùpù A yẹ kó dìde dúró lẹ́yìn oògùn, kí sRaw rẹ̀ já sọ́nà ibi tí ó yẹ. Lúùpù B lè dín díẹ̀, àmọ́ orí kùmọ̀ kì í sábà kúrò, torí pé kì í ṣe iṣan tó sún kì ló ṣe é. Ẹ má wá sọ pé oògùn kò ṣe B láǹfààní tí FEV1 rẹ̀ kò bá yí. Ẹ wo TGV rẹ̀: tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ láti 5.6 sí 5.2 L, 400 mL atẹ́gùn tó há ti jáde, aláìsàn náà yóò sì sọ fún yín pé àyà òun fúyẹ́. Ìyẹn gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé.

Ẹ tún ṣọ́ra lórí òdì-kejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oní-COPD ń dáhùn sí oògùn dé ààlà yìí, ikọ́ fée tó ti pẹ́ láìsí ìtọ́jú sì lè kọ̀ láti dáhùn. Àwọn kan sì ní méjèèjì pa pọ̀. Fún B, àyẹ̀wò tí mo máa fi kún un lọ́jọ́ kan náà ni DLCO, tó ń wọn bí gáàsì ṣe ń kọjá láti ẹ̀dọ̀fóró sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú emphysema, ibi tí atẹ́gùn ti ń kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ti bàjẹ́, DLCO á lọ sílẹ̀. Nínú ikọ́ fée, ó wà bó ṣe yẹ, nígbà mìíràn ó tún ga. sRaw 2.8, lúùpù olórí kùmọ̀, TGV gíga, DLCO tó lọ sílẹ̀: tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà pa pọ̀, mo máa fi ìgboyà kọ emphysema. Tí lúùpù bá jẹ́ ti kùmọ̀ tí DLCO sì dára, mo máa dá ọwọ́ dúró, màá sì béèrè fún àwòrán CT.

---

Olùwọ̀n fèsì:

Ó ti yé mi dáadáa báyìí, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ìbéèrè kan ló kù: tí Raw bá ga, tí FEV1/FVC sì wà bó ṣe yẹ ńkọ́? Bí àpẹẹrẹ, ẹni tó sanra gan-an, Raw 0.42, TGV 1.9 L, R5 náà ga.

---

Ìgbì5Hz fèsì:

0.42 × 1.9 = 0.80 kPa·s. sRaw rẹ̀ wà láàárín ààlà. Ọ̀rá ikùn àti àyà ti tẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sísàlẹ̀, ó ń mí lórí ìwọ̀n tó kéré, ọ̀nà èémí sì ń há nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró bá kéré. Kì í ṣe iṣan tó sún kì. R5 àti X5 rẹ̀ yóò burú nítorí ìdí kan náà, tí ẹ bá fi wọ́n nìkan ṣe ìdájọ́, ẹ ó sọ ọ́ di oníkọ̀ọ́ fée, ẹ ó sì fún un ní oògùn tí kò nílò. Tí dókítà bá ṣì ń fura sí ikọ́ fée, kí ẹ ṣe ìdánwò methacholine, oògùn tó ń mú ọ̀nà èémí oníkọ́ fée há, kí ẹ sì máa wo sGaw pẹ̀lú FEV1. Ibi tí a sábà ń gbà pé ó dáhùn ni kí sGaw já ní 35% sí 40%.

---

Atúnwọ̀n fèsì:

Ẹ fi kún un pé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ wọ̀n lórí òṣùwọ̀n kí ó tó wọlé, torí ara rẹ̀ gba àyè púpọ̀ nínú àpótí. Kí bẹ́líìtì àti aṣọ tó fún un níkùn wà ní títú. Àti fún B: tó bá ń lo ọ́síjìn, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ so ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un kí ilẹ̀kùn tó pa dé pé òun fúnra rẹ̀ lè ṣí i láti inú nígbàkigbà. Ẹni tí ẹ̀rù àpótí ń bà kì í mí wọ́ọ́rọ́wọ́, òpin ìmísíta rẹ̀ kì í dúró sójú kan, TGV rẹ̀ á sì máa fò sókè fò sílẹ̀ láti ìdánwò kan sí òmíràn.